Bí akọ̀ròyìn bá fi bírò sílẹ̀ tó dojú kọ òwò: Ohun tó yẹ kó mọ̀ kó tó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀

Àlejò tó bá gba Òṣogbo kọjá lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ kò ní í mọ ibi tí Ìlobùú parí sí àti ibi tí Ìfọ́n-Ọ̀ṣun ti bẹ̀rẹ̀. Ilé ń tẹ̀ lé ilé ni, ṣọ́ọ̀bù ń tẹ̀ lé ṣọ́ọ̀bù. Ṣùgbọ́n ọba méjì ló wà níbẹ̀: Olóbùú ló ni Ìlobùú, Olúfọ́n ló ni Ìfọ́n. Ìjọba ìbílẹ̀ méjì ló sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú, Ìrẹ́pọ̀dùn tí oríkò rẹ̀ wà n'Ìlobùú, àti Òròlú tí tiẹ̀ wà n'Ìfọ́n. Akọ̀ròyìn tó bá ń ṣiṣẹ́ lágbègbè yìí kì í wá ìròyìn tì. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ń bẹ níbẹ̀, ọ̀rọ̀ oyè ń bẹ níbẹ̀, ọ̀rọ̀ káńsù náà ń bẹ níbẹ̀. Owó tí yóò ti ibẹ̀ wọlé fún un ni kì í sábà tó nǹkan.

Ìdí rèé tó fi jẹ́ pé bí akọ̀ròyìn bá ti ń sún mọ́ ogójì ọdún, tí àwọn ọmọ ti ń lọ sílé ìwé, tí onílé sì ń béèrè owó ilé, ohun tó máa ń wá sí i lọ́kàn ni kó lọ ṣí nǹkan tara rẹ̀. Ẹlòmíì á ní iléeṣẹ́ ìtẹ̀wé lòun fẹ́ dá sílẹ̀, ẹlòmíì á ní omi inú ọ̀rá, ẹlòmíì á ní sìmẹ́ǹtì lòun fẹ́ máa tà. Àwọn tó yí i ká náà á máa tì í pé kí ló ń dúró ṣe, ṣebí gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n, ta ni kò ní í rajà lọ́wọ́ rẹ̀? Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ ti ń wọ́. Ẹni táyé mọ̀ yàtọ̀ sí ẹni tó lówó òkòwò lọ́wọ́, ẹni tó mọ èèyàn púpọ̀ sì yàtọ̀ sí ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń gba owó ọjà lọ́wọ́ èèyàn.

Ẹni tó gbajúmọ̀ jù lọ nínú àwọn tó ti gba ọ̀nà yìí kọjá ni olóògbé Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Àwọn tó mọ̀ ọ́n sí agbẹjọ́rò àti olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn kì í sábà rántí pé ó ṣe akọ̀ròyìn rí, wọn kì í sì í rántí rárá pé òwò ti gbé e ṣubú rí.

Ìkẹ́nnẹ́ ni wọ́n ti bí i lọ́jọ́ kẹfà, oṣù kẹta, ọdún 1909. Bàbá rẹ̀ kú nígbà tó ṣì wà ní kékeré, ó sì di dandan kó máa fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ran ara rẹ̀ lọ́wọ́ nílé ìwé. Ó ṣe tíṣà l'Ábẹ́òkúta, ó kọ́ iṣẹ́ ìwé títẹ̀ lórí ẹ̀rọ àti ọ̀rọ̀ gígékúrú fúnra rẹ̀, ó sì ṣe akọ̀wé ní Wesley College, n'Ìbàdàn. Lọ́dún 1934 ló gba iṣẹ́ ní iléeṣẹ́ Daily Times l'Ékòó gẹ́gẹ́ bí akọ̀ròyìn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́. Ìwé ìròyìn náà kò tíì ju bí ọdún mẹ́jọ lọ nígbà náà, nítorí ọdún 1926 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Awólọ́wọ̀ kò pẹ́ níbẹ̀. Ó fi bírò sílẹ̀, ó bọ́ sẹ́nu òwò kòkó rírà àti ọkọ̀ akẹ́rù.

Kí ẹni tó ń ka èyí tó lè mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i, ó yẹ kó mọ bí òwò kòkó ṣe rí láyé ìgbà náà. Àwọn iléeṣẹ́ òyìnbó bíi UAC ló ń kó kòkó lọ sílẹ̀ òkèèrè. Wọn kì í dé oko. Àwọn alágbàtà ló ń bá wọn rà á, iléeṣẹ́ á fún alágbàtà lówó sílẹ̀, alágbàtà á pín in fáwọn tó kéré sí i, àwọn yẹn á sì fún àgbẹ̀ lówó nígbà tí kòkó ṣì wà lórí igi. Gbogbo ìlú tí rélùwéè gbà kọjá ló mọ òwò yìí dáadáa. Òṣogbo, tí rélùwéè dé lọ́dún 1907, kò gbẹ́yìn, àwọn ará ìlú tó yí i ká náà sì ń rí nínú ẹ̀. Òwò tó ń lé owó gọbọi wọlé ni bí iye tí wọ́n ń ra kòkó bá ń lọ sókè. Bó bá já wálẹ̀ lójijì, tí alágbàtà ti ra kòkó lówó gọbọi, orí alágbàtà ni gbogbo rẹ̀ á wó lé. Iléeṣẹ́ á máa béèrè owó tiwọn, àgbẹ̀ tó ti ná owó tiẹ̀ kò ní í dá a padà.

Ohun tó sì ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Lọ́dún 1937, iye kòkó já wálẹ̀ lọ́jà àgbáyé, nígbà tó sì máa fi di ìparí ọdún náà, àwọn iléeṣẹ́ òyìnbó ti fẹnu kò láàárín ara wọn pé àwọn ò ní í máa bá ara wọn du ọjà mọ́. Àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Gánà, tí wọ́n ń pè ní Gold Coast nígbà náà, bínú, wọ́n kọ̀ láti ta kòkó wọn títí wọ ọdún 1938, débi tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi rán ìgbìmọ̀ wá láti wádìí ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tí àwọn ọdún 1930 fi máa parí, òwò Awólọ́wọ̀ ti dẹnu kọlẹ̀, gbèsè sì ti wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó lọ́jọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù kejìlá, ọdún 1937 lọ̀rọ̀ yìí bá lójijì. Òun fúnra rẹ̀ kò fi pa mọ́; ó sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀ nínú ìwé ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀, Awo, tó jáde lọ́dún 1960.

Ohun tó yẹ kí oníṣòwò fara balẹ̀ wò ni èyí tó ṣẹ́ kù sí i lọ́wọ́ lẹ́yìn tí ọkọ̀ àti kòkó ti lọ. Nígbà tó wà lẹ́nu òwò náà, òun ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́kọ̀, ó sì ń ṣiṣẹ́ fún ẹgbẹ́ àwọn tó ń ra irè oko. Àwọn ọlọ́kọ̀ àti àwọn alágbàtà lówó jù ú lọ, wọ́n sì mọ òwò jù ú lọ, ṣùgbọ́n wọ́n nílò ẹni tó lè kọ lẹ́tà sí ìjọba, tó lè gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ogún èèyàn kó sì sọ ọ́ di ojú ewé kan. Iṣẹ́ akọ̀ròyìn gan-an nìyẹn. Òwò tó lọ bá kò gba ti ọgbọ́n yìí, ibi tó yà sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ òwò ló gbà á. Ó jókòó sílé, ó kàwé gba oyè ìmọ̀ òwò ti Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù láìkúrò nílé, ó sì yege lọ́dún 1944. Ọdún yẹn náà ló wọ ọkọ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti lọ kọ́ iṣẹ́ agbẹjọ́rò, èyí tó parí lọ́dún 1946. Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Hannah Ìdòwú Dìdeolú, ló ń fi òwò bọ́ àwọn ọmọ nílé nígbà tí kò sí níbẹ̀. Ìyá yìí tún padà di ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn obìnrin oníṣòwò n'Ìbàdàn. Bí wọ́n bá ní kéèyàn tọ́ka sí oníṣòwò gidi nínú ilé náà, ìyá ni, kì í ṣe bàbá.

Lọ́jọ́ kẹrìndínlógún, oṣù kọkànlá, ọdún 1949, Awólọ́wọ̀ dá Nigerian Tribune sílẹ̀. Ó padà sídìí ìwé ìròyìn, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí òun ló ni ín. Àwọn tó ń fi ìtàn yìí gba akọ̀ròyìn níyànjú pé kó fiṣẹ́ sílẹ̀ máa ń fo ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó wà láàárín 1934 àti 1949, wọn kì í sì í dárúkọ gbèsè.

Ọ̀nà kejì tún wà tó yàtọ̀ sí ti Awólọ́wọ̀. Dele Momodu, ọmọ tí wọ́n bí n'Ílé-Ifẹ̀ lọ́dún 1960, ti ṣe akọ̀ròyìn àti olóòtú kó tó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, tó sì di ẹni tó ń pín bùrẹ́dì Wonderloaf, ti iléeṣẹ́ olóògbé MKO Abíọ́lá. Àwọn kan lè rẹ́rìn-ín sí i pé olóòtú ìwé ìròyìn ń ta bùrẹ́dì, ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ òwò kò ní í rẹ́rìn-ín. Bùrẹ́dì kì í dúró. Èyí tí wọ́n gbé láàárọ̀ gbọ́dọ̀ tán kó tó di ọjọ́ kejì ọjọ́ kẹta, nítorí náà owó rẹ̀ máa ń tètè padà wálé, ẹni tó ń tà á sì máa ń mọ̀ lójoojúmọ́ bóyá ó jèrè tàbí ó pàdánù. Kòkó Awólọ́wọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀, odidi àsìkò kan lowó fi ń há sínú ẹ̀. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti ẹnu iṣẹ́ oṣù bọ̀, tí kò tíì mọ bí owó ṣe ń lọ tó ń bọ̀, ọjà tó ń yí kíákíá ló dára jù láti fi kọ́ òwò, bí èrè rẹ̀ tiẹ̀ kéré. Momodu náà padà sídìí ìwé nígbẹ̀yìn, Ovation tó dá sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1996 lọ̀pọ̀ èèyàn fi mọ̀ ọ́n.

Ti àwọn tó fi ìwé ìròyìn sílẹ̀ lọ bá ìjọba kò ní gígùn. Segun Adeniyi lọ bá Ààrẹ Yar'Adua lọ́dún 2007, Reuben Abati lọ bá Ààrẹ Jonathan lọ́dún 2011, Femi Adesina, ọmọ Ìpetumodù, lọ bá Ààrẹ Buhari lọ́dún 2015. Iṣẹ́ tó lọ́lá ni, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ọ̀gá bá kúrò lóyè niṣẹ́ ń parí. Ẹni tó bá fẹ́ fi irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kó owó òkòwò jọ lè ṣe é, bí kò bá ti jẹ́ kí mọ́tò ìjọba gbàgbé òun sórí ìnáwó.

Kí wọ́n padà sí Ìlobùú àti Ìfọ́n, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti le jù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, nígbà tí ìjà ilẹ̀ tún bẹ́ sílẹ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun fi òfin kónílé-gbélé de Ìlobùú, Ìfọ́n àti Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun. Kò sẹ́ni tó ní ṣọ́ọ̀bù tí kò mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí: ọjà wà nínú ilé, owó wà níta, ẹsẹ̀ kò kọjá. Bí akọ̀ròyìn kan bá ti kọ ìròyìn nípa irú ìjà bẹ́ẹ̀ rí, apá kan á máa rántí àkọlé tó wà lórí ẹ̀. Bó bá jẹ́ ọmọ Ìlobùú, àwọn ará Ìfọ́n á ní ti ilé rẹ̀ ló gbè. Bó bá jẹ́ ọmọ Ìfọ́n, àwọn ará Ìlobùú á sọ bákan náà. Nígbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́, ó lè ní olóòtú l'Ékòó ló pààrọ̀ àkọlé náà. Bó bá ti ṣí ṣọ́ọ̀bù, kò sẹ́ni tó máa dúró gbọ́ àlàyé nípa olóòtú. Wọ́n á kàn kọjá lọ rajà lọ́dọ̀ ẹlòmíì ni.

Èyí túmọ̀ sí pé bí akọ̀ròyìn ṣe ṣiṣẹ́ rẹ̀ lánàá ni ọjà rẹ̀ ṣe máa rí lọ́la. Ẹni tó máa ń gbọ́ tẹnu apá méjèèjì kó tó kọ̀wé, tó ń pe èèyàn padà láti béèrè bóyá ohun tóun kọ yé wọn, á rí oníbàárà lápá méjèèjì. Ẹni tó gba àpò ìwé lọ́wọ́ apá kan á rí oníbàárà lápá kan. Ọ̀rọ̀ náà tún kan àkókò tó fẹ́ẹ́ lọ: kò yẹ kó máa kọ ìròyìn rere nípa iléeṣẹ́ tó ti ń bá sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀ pé òun máa bá a tajà. Kò sì yẹ kó gbé káàdì iléeṣẹ́ ìwé ìròyìn dání lẹ́yìn tó ti kúrò, kó máa fi han ọlọ́pàá lójú títì. Bó bá ti gba ìpolówó ọjà lọ́wọ́ àwọn èèyàn, tí owó rẹ̀ kò tíì dé ọ́fíìsì, kó yanjú ẹ̀ kó tó lọ. Ọ̀pọ̀ àwọn tó fún un ní ìpolówó yìí, oníṣòwò bíi tiẹ̀ ni wọ́n máa jẹ́ lọ́la.

Ẹ wá wo ìṣirò. Ká ní oúnjẹ, owó ilé ìwé, owó iná àti owó mọ́tò nínú ilé rẹ̀ jẹ́ N120,000 lóṣù. Ká ní ọjà tó fẹ́ẹ́ tà jẹ́ irú èyí tí wọ́n ń rí èrè N100 lórí N1,000. Kí N120,000 yẹn tó lè jáde, ó gbọ́dọ̀ ta ọjà N1,200,000 lóṣù. Bó bá ń ṣí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ó lé ní N46,000 lójoojúmọ́ nìyẹn. Kò tíì san owó ṣọ́ọ̀bù o, kò tíì ra epo sí jẹnẹrétọ̀, kò tíì fún ọmọ tó ń bá a jókòó lówó. Akọ̀ròyìn tó ń gbowó oṣù, bó tilẹ̀ ń pẹ́ kó tó dé, kò mọ irú ìṣirò yìí, nítorí ọ̀gá rẹ̀ ló ń ṣe é fún un.

Àwìn ló wá burú jù. Bí ọ̀rẹ́ kan bá gba ọjà N10,000, tí kò san, N9,000 ni ọlọ́jà fi rà á. Kó tó lè rí N9,000 náà padà látinú èrè, ó ní láti ta ọjà N90,000 míì. Bẹ́ẹ̀ ẹni táyé mọ̀ ni wọ́n ń wá gba àwìn lọ́wọ́ rẹ̀ jù! Káńsẹ́lọ̀ tó ti fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò rí, àbúrò olóyè, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ àwọn akọ̀ròyìn l'Óṣogbo, gbogbo wọn á ní "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ n gbé e ná, ó di ìparí oṣù." Orúkọ tó rò pé á mú oníbàárà wá ló ń mú onígbèsè wá. Ọ̀nà kan tó rọrùn ni kó fi ẹlòmíì síwájú ṣọ́ọ̀bù, ẹni tí kò ní àṣẹ láti fúnni láwìn, kí òun sì máa wà lẹ́yìn.

Ṣáájú kó tó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, owó tí ilé rẹ̀ máa ná fún oṣù mẹ́fà kò pọ̀ jù láti tọ́jú sọ́tọ̀ kúrò lára owó òkòwò. Nínú ìṣirò òkè yìí, N720,000 nìyẹn. Bó bá jẹ́ òṣìṣẹ́ gidi ní iléeṣẹ́ náà, kó béèrè ọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀. Òfin ọdún 2014 sọ pé kí ọ̀gá máa san ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, kí òṣìṣẹ́ máa san ìdá mẹ́jọ. Ẹni tí kò tíì pé àádọ́ta ọdún, tó kúrò níbi iṣẹ́, tí kò sì ríṣẹ́ míì láàárín oṣù mẹ́rin, lè gbà tó ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wà níbẹ̀. Ohun tó ṣe pàtàkì ni kó gba ìwé àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń tọ́jú owó náà nígbà tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, kó fojú ara rẹ̀ rí i bóyá wọ́n ń san án. Akọ̀ròyìn tí iléeṣẹ́ ń sanwó fún lórí ìròyìn kọ̀ọ̀kan kò ní irú owó bẹ́ẹ̀ níbì kankan, nítorí náà oṣù mẹ́fà yẹn pọn dandan fún un.

Iléeṣẹ́ ìwé ìròyìn náà kì í wà títí. Daily Sketch t'Ìbàdàn kú, National Concord tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1980 kú, NEXT kógbá sílé lọ́dún 2011, ìjọba sì ta Daily Times tí Awólọ́wọ̀ ti kọ́ṣẹ́ lọ́dún 2004. Àwọn tí irú èyí bá lójijì kò ráyè tọ́jú owó oṣù mẹ́fà.

Ní ti orúkọ, bó bá fẹ́ fi orúkọ ara rẹ̀ gan-an ṣòwò láìfi nǹkan kan kún un, òfin kò ní kó lọ forúkọ sílẹ̀. Bó bá fi orúkọ míì pe òwò náà, ó gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC láàárín ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n tó bẹ̀rẹ̀, báńkì kò sì ní í bá a ṣí àkáǹtì lórúkọ òwò náà láìjẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wà lẹ́nu òwò tipẹ́ náà ní ìpín nínú ọ̀rọ̀ yìí. Akọ̀ròyìn tó kúrò lẹ́nu iṣẹ́ kì í ṣe ẹni tí ẹ óò máa bá du oníbàárà nìkan, ó lè jẹ́ ẹni tí ẹ óò ra iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwé tí báńkì kékeré béèrè kí wọ́n tó yá ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ lówó, lẹ́tà sí káńsù nípa owó orí tí wọ́n gbà lẹ́ẹ̀mejì, ìpolówó ọjà tí wọ́n máa kà lórí rédíò l'Óṣogbo, ìwé ètò ìsìnkú tí wọ́n fẹ́ lọ́jọ́ mẹ́ta sí ìgbà tí wọ́n ń béèrè ẹ̀, gbogbo rẹ̀ niṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe láìgba ẹ̀kọ́ tuntun. Owó tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ju kọ̀ǹpútà kan àti tábìlì kan lọ, kò sí ọjà tí yóò bàjẹ́, kò sì sí ohun tí òfin kónílé-gbélé á tì mọ́lé. Ẹni tó bá gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún un, kó bá a dá iye rẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀, kó san ìdajì sílẹ̀, kó sì gba rìsíìtì lọ́wọ́ rẹ̀.